Lẹ́yìn Abẹ: Ìtọ́jú Ara Ẹni tí Wọ́n Yọ Àmì Dúdú Kúrò Lára Rẹ̀

Iṣẹ́ tí ẹ rán mi ni pé kí n sọ̀rọ̀ nípa bí ènìyàn ṣe ń tọ́jú ara lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ àmì dúdú kúrò lára rẹ̀. Kí n tó wọlé ni ẹnì kan ti ń bi mí pé ṣé àmì ara lásán náà ló tó ohun tí à ń tìtorí rẹ̀ to àga. Ó tó bẹ́ẹ̀. Abẹ kì í lò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ lórí àmì. Ohun tó kù lẹ́yìn ìyẹn lè gba odidi ọdún kan, ọwọ́ ẹni tó ni ara ló sì wà, kì í ṣe ọwọ́ dókítà.

Oríṣiríṣi nǹkan ni à ń pè ní àmì. Èyí tí wọ́n bí mọ́ ọmọ wà, èyí tó yọ nígbà tí ènìyàn ń bàlágà náà wà. Àwọn kókó dúdú kéékèèké tó máa ń kún ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti abẹ́ ojú àwọn ìyá wa, irú èyí tí ẹ ń rí lójú Morgan Freeman, òṣèré sinimá Amẹ́ríkà nì, dókítà kò kà á kún àmì gidi. Dókítà ará Ítálì kan, Aldo Castellani, ló sọ ọ́ lórúkọ nínú ìwé ìṣègùn ní 1925. Inú ìdílé ló máa ń rìn sí, kì í sì í pa ẹnikẹ́ni lára. Awọ tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń fì lọ́rùn tàbí lábíyá tún wà. Wọ́n lè fi abẹ gé òmíràn, kí wọ́n sì rán ojú rẹ̀. Wọ́n lè fá òmíràn kúrò lójú awọ láìrán an. Wọ́n lè fi iná mànàmáná jó o, tàbí kí wọ́n fi nǹkan tó tutù ju yìnyín lọ pa á. Bí wọ́n bá ṣe yọ ọ́ ló máa sọ irú ọgbẹ́ tí wọ́n máa fà lé yín lọ́wọ́.

Ìyẹn fún ẹni tó lọ sí ilé ìwòsàn o. Owódé tiwa yìí, ìlú ọjà ni, ìlú gáréèjì ni. Ọ̀nà tó ti Ọ̀tà àti Àtàn bọ̀ pàdé ọ̀nà Ìlaro níhìn-ín kó tó forí lé Ìdírokò. Ohunkóhun tó bá gba ẹnubodè wọlé, ojú wa ni yóò ṣe: ìrẹsì, aṣọ, mọ́tò, títí kan ike ìpara tí ẹni tó ń tà á gan-an kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀. Nínú wọn ni èyí tí wọ́n ń polówó pé ó ń yọ àmì láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ẹlòmíràn a máa fi omi inú èèpo kóró kajú pa á, torí kajú pọ̀ lóko. Ti ẹlòmíràn, omi bátìrì mọ́tò ni. Iṣẹ́ kan náà ni gbogbo wọn ń ṣe, wọ́n ń jó awọ ni. Wọ́n á jó orí àmì, gbòǹgbò rẹ̀ á wà nísàlẹ̀, jíjó náà á sì tàn kọjá ibi tí wọ́n fi í sí. Lẹ́yìn náà kò ní ku nǹkan kan tí a lè gbé lọ fún àyẹ̀wò, mo ṣì ń bọ̀ lórí ìyẹn. Ẹni tí irú omi bẹ́ẹ̀ bá kàn lára, kó fi omi tó mọ́, tó ń ṣàn, ṣan ibẹ̀ fún ogún ìṣẹ́jú, kó sì gba ilé ìwòsàn lọ. Kó má fi epo pupa rẹ́ ẹ, kó má fi ẹyin rẹ́ ẹ.

Ohun tó ń dùn mí níbẹ̀ ni pé ilẹ̀ tiwa yìí kì í ṣe ilẹ̀ tó yẹ kí wọ́n ti máa kọ́ ènìyàn ní ìtọ́jú ojú abẹ. Ilẹ̀ Yewa àti Ọ̀họ̀rí tó bá wa pààlà, ilẹ̀ olóòlà ni. Henry Drewal, ọ̀mọ̀wé ará Amẹ́ríkà tó fi ọdún púpọ̀ kẹ́kọ̀ọ́ nípa iṣẹ́ ọnà Yorùbá, kọ̀wé nípa kóló, ìlà wẹ́wẹ́ tí àwọn obìnrin agbègbè yìí máa ń kọ sára fún ẹwà, tí wọ́n ń fi dúdú pa lójú kó lè hàn. Ọmọ Ògún ni olóòlà, irin rẹ̀ mú. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tó wà lórí ìjókòó yìí á jẹ́rìí sí i pé olóòlà kì í kàn kọlà kó gbé àpò rẹ̀ kọ́ èjìká. Omi ìgbín ni wọ́n ń kán sójú abẹ, ti ilà ni o, ti ìdábẹ́ ọmọkùnrin ni o. Wọ́n mọ̀ pé ojú ọgbẹ́ fẹ́ kí nǹkan tutù bà lé òun. Èmi kò sọ pé kí ẹ padà sídìí ilà. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2003 ti fi òfin de kíkọlà sára ọmọ, ó sì tẹ́ mi lọ́rùn bẹ́ẹ̀. Ìtọ́jú tó ń tẹ̀ lé abẹ ni mò ń sọ.

Ní 1962, ọ̀mọ̀wé kan ní ìlú Lọ́ńdọ̀nù, George Winter, dá ọgbẹ́ sí ẹ̀yìn ẹlẹ́dẹ̀. Ó fi ọ̀rá bo àwọn kan, ó fi àwọn yòókù sílẹ̀ fún afẹ́fẹ́ kí wọ́n sé èépá. Àwọn tí wọ́n bò, tí wọ́n rin, awọ tuntun bò wọ́n ní nǹkan bí ìlọ́po méjì ìyára àwọn tó gbẹ. Láti ìgbà náà ni àwọn oníṣègùn ti ń fi ọ̀rọ̀ pé kí ọgbẹ́ máa gba atẹ́gùn sílẹ̀. Àwa nílé yìí kò tíì fi í sílẹ̀. Ìyá á yọ báńdéèjì ọmọ, á ní kó jókòó sí ìta kí ooru oòrùn bà á kó lè gbẹ. Èépá tó bá gbẹ bí èèpo igi, awọ tuntun gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, ibẹ̀ ló ti ń pẹ́. Nítorí náà olóòlà kò jìnnà sí òtítọ́ pẹ̀lú omi ìgbín rẹ̀. Ibi tí ọ̀nà èmi àti rẹ̀ ti yà ni pé ìgbín inú igbó máa ń gbé kòkòrò àrùn káàkiri, ẹ má ṣe kán an sójú ibi tí dókítà gé. Básílíìnì lásán, èyí tí kò ní lọ́fínńdà, tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí, ń ṣe iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí bí a ṣe ń ṣe é. Ọjọ́ àkọ́kọ́ àti ìkejì, ẹ fi ohun tí wọ́n fi dì í sílẹ̀ bó ṣe wà, kí omi má kàn án. Bí ẹ̀jẹ̀ bá ń jáde, ẹ fi aṣọ tó mọ́ tẹ ibẹ̀ gírí fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ má máa ṣí i wò ní ìṣẹ́jú méjì-méjì bóyá ó ti dá. Ṣíṣí wò yẹn gan-an ni kì í jẹ́ kó dá. Bí kò bá wá dá lẹ́yìn ìyẹn, ilé ìwòsàn. Láti ọjọ́ kẹta, ẹ fọ ọwọ́, ẹ fi omi tó mọ́ àti ọṣẹ tí kò ta ara fọ ojú rẹ̀ jẹ́jẹ́, ẹ fi aṣọ mímọ́ tẹ omi rẹ̀ gbẹ láìfi í nù ún, ẹ fi básílíìnì fẹ́ẹ́rẹ́ lé e, ẹ sì fi báńdéèjì bò ó. Lójoojúmọ́ ni. Ẹni tí wọ́n rán, ojú máa ń gba ọjọ́ márùn-ún sí méje kí wọ́n tó tú òwú rẹ̀. Ti ẹ̀yìn àti ẹsẹ̀ máa ń tó ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹ má bá ara yín tú u nílé pẹ̀lú abẹ ìfárí. Kí ẹ tó kúrò lọ́dọ̀ ẹni tó gé e, ẹ bi í léèrè abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì. Ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́ kí abẹ tó kàn án, torí ṣúgà tó ga nínú ẹ̀jẹ̀ ń fa ọgbẹ́ sẹ́yìn, òun ló sì ń sọ ọgbẹ́ di egbò.

Ibì kan wà tí mo fẹ́ kí àwọn ìyá ọlọ́jà tẹ́tí sí. Bí òwú bá ti kúrò lára, àwọn ènìyàn á rò pé ó ti jinná. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, agbára ojú ọgbẹ́ kò tíì tó ìdá kan nínú mẹ́ta agbára awọ tí abẹ kò kàn. Ní oṣù kẹta ló tó ń dé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún, kò sì ní padà pé tán láéláé. Ẹni tí wọ́n gé àmì léjìká, tí ó wá gbé àpò gaàrí látorí ọkọ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì, ó ń ya ara rẹ̀ ni, bí kò tilẹ̀ sí ẹ̀jẹ̀. Ibi tí ó ya sí náà ni àpá á ti fẹ̀. Ìyá tí wọ́n gé tirẹ̀ lẹ́yìn, ẹ wá ẹni tí yóò bá a pọn ọmọ fún ìgbà díẹ̀, torí ibi tí ọ̀já ń fún mọ́ ni ọmọ máa ń ta ẹsẹ̀ sí. Okùn kọ́mú náà ń ha ibẹ̀. Àwọn ọlọ́kadà, eruku ọ̀nà Ìlaro ń wọ ojú ọgbẹ́ tí kò bò, ẹ wọ aṣọ bò ó.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Mo ti gbọ́ pé ẹni tó bá ní ọgbẹ́ kò gbọdọ̀ jẹ ẹran, kò gbọdọ̀ jẹ ẹyin, kí ó má báa ṣe ọyún. Ìdàkejì rẹ̀ ló tọ́. Ẹ̀wà, ẹja, ẹyin, ọsàn, ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ohun tí ara fi ń hun awọ nìyẹn. Sìgá ni kí ẹ fi sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tú oògùn oníhóró sójú ọgbẹ́. Gbogbo wa la mọ àṣà yẹn: wọ́n á já kápúsù ampísílíìnì tàbí tẹtirasákílíìnì, wọ́n á da lẹ́búlẹ́bú rẹ̀ sí i, á sì dì gbagidi. Ẹnu ni wọ́n ṣe oògùn yẹn fún. Lójú ọgbẹ́, ó ń di ìdọ̀tí, ó ń ta awọ, ó sì ń kọ́ kòkòrò àrùn bí yóò ṣe máa yọ lọ́wọ́ oògùn. Sípírítì náà ń pa awọ tuntun tó ń hù, ó sì ń ta yín gan-an. Kò sí èrè nínú oró yẹn.

Bí ọgbẹ́ bá fẹ́ bàjẹ́, ìwé òyìnbó á sọ fún yín pé ẹ wò ó bóyá ó pọ́n. Lára dúdú bíi tiwa, pípọ́n lè má hàn. Ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ kàn án bóyá ó gbóná ju ara tó yí i ká lọ. Ẹ wò ó bóyá ó ń dúdú sí i tí ó sì ń wú, bóyá ó ń le. Ìrora ọgbẹ́ tó dára máa ń dínkù lójoojúmọ́; èyí tó bá tún bẹ̀rẹ̀ sí í ro lẹ́yìn ọjọ́ kẹta, tí ó ń rùn, tí ó ń ṣe ọyún, tàbí tí ibà bá bá a wá, kí wọ́n gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ìjọba ní Ìlaro. Bí wọ́n bá ní ó kọjá ọwọ́ àwọn, Ìdí-Àba ní Abẹ́òkúta, níbi tí ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ wà, kò jìnnà jù fún ẹni tó bá tètè lọ.

Mo ti dé orí ìpara bíbóra báyìí, mo sì mọ̀ pé àwọn kan á ti máa wo ilẹ̀. Ẹni tí ojú abẹ rẹ̀ bá dúdú ju ara yòókù lọ, ohun tó kọ́kọ́ ń rò ni láti ra ìpara tí yóò pa á funfun. Dúdú yẹn kì í ṣe ìdọ̀tí. Ara wa ní àwọ̀ púpọ̀, bí ohunkóhun bá sì ti ta á, á da àwọ̀ sí ibẹ̀. Ní oṣù mélòó kan ló máa ń rọ̀, bí ènìyàn kò bá gbé e sóòrùn, tí kò sì ha á. Àwọn ìpara tó ń gba ẹnubodè wọlé yẹn, òmíràn ní mẹ́kúrì, òmíràn ní hydroquinone tó ju ìdá 2 nínú 100 tí NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn, gbà lọ, ọ̀pọ̀ sì ní clobetasol, oògùn líle tó ń sọ awọ di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kì í sì í jẹ́ kí ọgbẹ́ pàdé. Ẹ bi ẹnikẹ́ni tó ń ṣiṣẹ́ abẹ: awọ ẹni tó ti bóra pẹ́, bí wọ́n bá fi abẹ́rẹ́ rán an, á máa ya tẹ̀ lé òwú bíi bébà tó rin. Ẹni tó bá ń bóra tó sì fẹ́ yọ àmì, kó sọ fún dókítà. Kò sí ẹni tí yóò pariwo lé e lórí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ pariwo, ó sàn ju kí ojú abẹ má pàdé lọ.

Kélọ́ìdì ni olórí ohun tó yẹ kó mú wa jókòó síbí. Àpá tó wú ṣùgbọ́n tí kò kọjá ojú ibi tí wọ́n gé, ìyẹn lè rọlẹ̀ fúnra rẹ̀. Kélọ́ìdì kì í dúró síbi tí abẹ dúró. Á ràn kọjá ojú ọgbẹ́ sínú awọ tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn, á máa yún, á máa ta ènìyàn bí abẹ́rẹ́. Dókítà Faransé kan, Jean-Louis Alibert, ló ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwọn òyìnbó ní 1806, tó sì wá sọ ọ́ lórúkọ nítorí pé ó ta ẹsẹ̀ bí akàn. Ṣùgbọ́n ní 1973, oníṣègùn kan, P. Omo-Dare, kọ ọ́ sínú ìwé àtìgbàdégbà àwọn dókítà aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà pé àwọn Yorùbá ti ya kélọ́ìdì sára ère ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún mẹ́wàá ṣáájú Alibert. Ẹ fojú inú wò ó: agbẹ́gilére tàbí agbẹ́kùúta wo ara ènìyàn, ó rí àpá tó yọ gọnbu, ó sì rò pé ó yẹ kí òun gbẹ́ ìyẹn náà síbẹ̀. Ní 1974, J. O. Oluwasanmi, oníṣẹ́ abẹ ọmọ ilẹ̀ wa, tún kọ̀wé lórí kélọ́ìdì lára àwa ènìyàn Áfíríkà. Nítorí náà àrùn wa ni, a sì ti mọ̀ ọ́n tipẹ́.

Àyà, èjìká, ẹ̀yìn òkè, etí àti ibi tí irùngbọ̀n ti ń hù ló fẹ́ràn jù. Láàárín ọmọ ọdún mẹ́wàá sí ọgbọ̀n ló pọ̀ sí. Bí ìyá yín tàbí àbúrò yín bá ní i lápá etí tí wọ́n lu, ẹ ro ó lẹ́ẹ̀mejì kí ẹ tó jẹ́ kí wọ́n gé àmì àyà tí kò ṣe yín ní nǹkan kan. Èrò tèmi nìyẹn, mo sì mọ̀ pé àwọn kan lára ẹ̀yin nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ mi kò ní gbà: àmì tó ń bẹ láyà tí kò yí padà, tí dókítà ti wò tó ní kò ṣe nǹkan, ẹ fi í sílẹ̀. Ẹwà tí ẹ fẹ́ fi abẹ wá lè di kélọ́ìdì tó tóbi ju àmì ọ̀hún lọ.

Kì í yára yọjú. Ọgbẹ́ á jinná, inú yín á dùn, oṣù mẹ́ta á kọjá, nígbà mìíràn ó lè tó ọdún kan, ibẹ̀ á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yún. Yíyún yẹn ni kí ẹ má fi ṣeré. Ìgbà tó ṣì kéré ni abẹ́rẹ́ triamcinolone tí wọ́n ń gún sínú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan síra ń ṣiṣẹ́ jù, àti àlẹ̀mọ́ sílíkóònù tí ènìyàn ń lẹ̀ mọ́ ọn fún ọ̀pọ̀ wákàtí lójúmọ́ fún oṣù mélòó kan. Ohun tí kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣe ni kó ní kí wọ́n kàn gé e dànù. Bí wọ́n bá gé e láìfi ìtọ́jú mìíràn kún un, ìwé ìṣègùn sọ pé nínú 100, ó kéré tán 45 ló ń padà wá, ó sì lè jẹ́ gbogbo wọn. Tó bá padà, ó máa ń tóbi ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Mo ṣèlérí pé n ó padà sórí àyẹ̀wò. Ohun tí wọ́n bá gé lára yín, tiyín ni. Ẹ bi dókítà pé: ṣé ẹ máa gbé e lọ sí láàbù, ìgbà wo ni èsì máa jáde? Ọ̀pọ̀ jù lọ àmì kì í ṣe nǹkan kan. Ṣùgbọ́n jẹjẹrẹ kan wà tó máa ń farahàn bí àmì, bí ó bá sì dé ara àwa aláwọ̀ dúdú, kì í sábà jẹ́ ojú tàbí apá tí oòrùn ń pa ló ń yàn. Àtẹ́lẹsẹ̀ ni, àtẹ́lẹwọ́ ni, abẹ́ èékánná ni. Bob Marley tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ ń gbọ́ orin rẹ̀, ọmọ ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ni tirẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1977 ni wọ́n rí i. Wọ́n ní kí wọ́n gé ọmọ ìka náà, ó kọ̀, wọ́n sì yọ èékánná náà. Ó kú ní ìlú Miami ní ọjọ́ 11 oṣù karùn-ún ọdún 1981, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógójì. Ẹ̀yin tí ẹ ń rìn lóko láìwọ bàtà, tí ẹ bá rí ohun dúdú lábẹ́ ẹsẹ̀ tó ń fẹ̀, tí kò bára dọ́gba, tàbí ojú egbò tí kò jinná, ẹ má sọ pé ẹ̀gún ló gún yín. Ìlà dúdú tó ń fẹ̀ lójú èékánná kan ṣoṣo, ẹ lọ fi han dókítà. Bí èsì láàbù bá ní nǹkan wà níbẹ̀, wọ́n lè ní kí ẹ padà wá kí wọ́n gé díẹ̀ sí i. Ẹ lọ. Bí ẹ bá sọ fún wọn pé ọgbẹ́ ti jinná, ìyẹn kọ́ ni wọ́n ń bi yín.

Ti àwọn àfín yàtọ̀, kò sì yẹ kí a dà á pọ̀. Ara wọn kò ní àwọ̀ tó ń gbà wọ́n lọ́wọ́ oòrùn, nítorí náà ibi tí oòrùn ń pa gan-an ni jẹjẹrẹ awọ ti ń mú wọn: ojú, etí, ọrùn, ẹ̀yìn ọwọ́. Lẹ́yìn tí wọ́n bá yọ nǹkan lára àfín, fìlà oníbèbè fífẹ̀, aṣọ alápá gígùn àti ìpara tó ń dènà oòrùn kì í ṣe fún ìgbà tí ọgbẹ́ fi jinná nìkan. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín jẹ́ àfín, ẹ bá olùkọ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó má máa dúró lórí ìlà nínú oòrùn.

Mo rí i pé ìyálọ́jà ti ń gbé ọwọ́ sókè láti ìgbà tí mo ti dárúkọ kápúsù, ẹ jẹ́ ká gbọ́ tiwọn kọ́kọ́. Ẹni tí àpá ń yún, kó má tú ẹ̀wù níwájú èrò o. Mo wà níhìn-ín títí di ìrọ̀lẹ́, yàrá kan sì wà lẹ́yìn gbọ̀ngàn tí a ti lè wò ó.